Àwọn Tó Ń Yẹ Etí Ọmọ Wò

Tí ìyá kan ní Àpáta ní Ìbàdàn bá ní ọmọ òun ọlọ́dún méjì kò tíì fọhùn, èsì tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, bí bàbá rẹ̀ náà ṣe ṣe nìyẹn." Ẹlòmíì á mú ọmọrí ìkòkò, á lù ú gbàn-àn lẹ́yìn ọmọ. Ọmọ yíjú, wọ́n ní ó ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tó dití pátápátá lè yíjú nítorí òjìji tó rí tàbí ilẹ̀ tó mì.

Àwọn oníṣègùn ìgbọ́ràn ló ń fòpin sí irú iyèméjì báyìí. Wọ́n wà ní ọsibítù UCH, Fásitì Ìbàdàn náà sì ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ ọ̀hún. Àyẹ̀wò ọmọ ọwọ́ kò le rárá: bí ọmọ bá sùn, wọ́n á ki rọ́bà kékeré bọ ihò etí rẹ̀, ẹ̀rọ á rán ìró wẹ́wẹ́ wọlé, á wá máa ṣọ́ ìró tí etí tó yè máa ń dá padà fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan, ó parí. Ọmọ lè má tilẹ̀ jí.

Ọpọlọ ló fà á tí àyẹ̀wò yìí fi gba ìkánjú. Apá tó yẹ kó máa gba ìró kì í jókòó lásán. Bí ìró kò bá dé, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ lò. Ìwádìí Anu Sharma àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọmọ tí wọ́n bá gbin ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí etí rẹ̀ kó tó pé ọdún mẹ́ta ààbọ̀, ọpọlọ rẹ̀ sábà máa ń bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba láàárín oṣù díẹ̀. Bí ọmọ bá ti lé ní ọdún méje kí wọ́n tó gbìn ín, ó ṣòro.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbìn yìí yàtọ̀ sí èyí tí àwọn àgbàlagbà ń fi sí etí. Iná ló ń rán tààrà sí iṣan tó ti inú etí lọ sí ọpọlọ. Ojú iná 22 ni ọ̀kan tó gbajúmọ̀ ní, níbi tí etí tó yè ti ní nǹkan bí 3,500 sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-rín tó ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ náà kì í gbé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa. Wọ́n ti rí i lára àwọn ọmọ Ṣáínà, tí èdè wọn náà ń lo ohùn. Ọmọ Yorùbá wá ńkọ́? Mo rò pé ó yẹ kí onímọ̀ èdè wa àti oníṣègùn ìgbọ́ràn ti jọ jókòó lórí èyí, nítorí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọdún gbọọrọ ni títún ẹ̀rọ tò àti kíkọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ ń gbà.

Owó ẹ̀rọ náà sì ga ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Àwọn yẹn kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera: èdè ọwọ́ náà ń bọ́ ọpọlọ ọmọ, bí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀. Láti 1960 ni Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ adití, ti dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ní Èkó, Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró de àwọn ìyá ní ọsibítù ńlá kí wọ́n tó yẹ etí ọmọ wọn wò. Ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG ni wọ́n lọ bá wọn, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọn kì í bí sí ọsibítù. Wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde ní 2008. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò náà kò ju ohun tí nọ́ọ̀sì lè fọwọ́ kan gbé. Bí ó bá wà níbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ ní Àpáta, kò sí ìyá tó máa kọ́kọ́ wọ Micra dé Dùgbẹ̀, kó tún wọ òmíràn lọ sí UCH, kó tó mọ̀ bóyá ọmọ òun ń gbọ́.