Láti Thamesmead sí Mọ́níyà: Nígbà tí Dádì àti Mọ́mì Bá Ní Ẹ Ń Padà Sílé

Tí ẹ bá ti ń gbé Woolwich, Plumstead tàbí Thamesmead láti kékeré, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó lè jẹ́ lọ́jọ́ tí bíìlì gáàsì wọlé, ó sì lè jẹ́ lọ́jọ́ tí òjò àti òtútù jọ ń bá ara ilé jà láti àárọ̀ dalẹ́: "Ẹ fi mí sílẹ̀ o, a máa kó padà sílé láìpẹ́." Ọ̀pọ̀ òbí ti ń sọ ọ́ fún ogún ọdún láìlọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń lọ lóòótọ́. Ilé tí wọ́n ti ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó ti ní òrùlé, ó kù kí wọ́n di ẹrù.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú gbólóhùn yẹn tó yẹ ká yẹ̀ wò: "padà". Dádì ń padà. Mọ́mì náà ń padà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí sí Queen Elizabeth Hospital ní Woolwich, tó jẹ́ pé ìsinmi Kérésì méjì péré ló ti lò ní Nàìjíríà, kò padà síbì kankan. Ọmọ yẹn ń jápa ni. Òfin àti owó ìlú Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń wo òbí àti ọmọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹ bá ti kó lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọmọ náà jókòó síbi tí wọ́n ti ń ṣètò ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe kí wọ́n kàn pè é wá di báàgì.

Ẹ̀yìn ìlú ni Thamesmead náà

Ká má ṣe bí ẹni pé kíkó ìdílé lọ sí ẹ̀yìn ìlú jẹ́ nǹkan tuntun. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ Thamesmead gan-an nìyẹn. Ilẹ̀ àbàtà ni ibẹ̀, láàárín Plumstead àti Erith, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ ti Royal Arsenal, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà. Ní àwọn ọdún 1960, ilé kò tó fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, ni ìjọba ìlú náà bá pinnu láti kọ́ odidi ìlú tuntun sórí àbàtà yìí. Ìdílé àkọ́kọ́ kó dé ní ọdún 1968, sí Coralline Walk.

Omi ló kọ́kọ́ jẹ́ ìṣòro wọn. Omíyalé ọdún 1953 ti bo agbègbè náà rí, nítorí náà wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú àwọn ilé àkọ́kọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí gáráàjì fi wà nísàlẹ̀, tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì ń gba òkè kọjá. Àwọn adágún bíi Southmere náà kì í ṣe fún ẹwà nìkan, wọ́n wà láti gba omi. Ọkọ̀ ojú irin sì wá di ìṣòro kejì. Títí di òní, Thamesmead kò ní ibùdókọ̀ ojú irin tirẹ̀. Abbey Wood ni ẹ ó lọ, Elizabeth line sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2022. Ọdún 54 lẹ́yìn tí ìdílé àkọ́kọ́ kó dé!

Ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn fún àwọn èèyàn dúdú tó wá síbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1991, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun pa Rolan Adams, ọmọ ọdún 15, ní Thamesmead, nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn tó jẹ́ òbí àti òbí àgbà yín mọ àkókò yẹn dáadáa, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n dúró. Lónìí, sinimá Odeon àtijọ́ ní Woolwich ti di New Wine Church, Granada tó wà ní òdìkejì ọ̀nà náà ti di ilé ìjọsìn, ẹ ò sì ní wá iṣu tàbí èlùbọ́ tì ní Plumstead.

Mo ń sọ ìtàn yìí nítorí pé ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn ará Coralline Walk béèrè ní 1968 náà ló yẹ kí ẹ béèrè nípa ilé tí Dádì kọ́: níbo ni omi ń gbà, kí ni èèyàn ń wọ̀ jáde níbẹ̀, ta ló sì ti ń gbé ibẹ̀ ká tó dé?

Mọ́níyà

Ẹ jẹ́ ká mú Ìbàdàn, kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀ jù. Mọ́níyà wà ní àríwá ìlú náà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, lọ́nà Ọ̀yọ́. Tí ẹ bá ti kọjá Òjóò, ẹ ó rí IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, kí ẹ tó dé ibẹ̀. Mọ́níyà ni ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Èkó parí sí. Wọ́n ṣí ọ̀nà náà ní oṣù kẹfà ọdún 2021, kìlómítà 157 ni. Ohun tí Thamesmead kò ní títí dòní, Mọ́níyà ní in. Omi ẹ̀rọ ìjọba àti ọ̀dà títì ni ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì tuntun ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn kò ní. Kálukú ló ń gbẹ́ bọ́hòlù tirẹ̀.

Ní ti iná, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná mànàmáná pín àdúgbò sí ìsọ̀rí láti A dé E. Ó yẹ kí A rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. E, wákàtí 4. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó iná àwọn ará A ti fò sókè, tó kọjá 200 náírà fún yúníìtì kan. Ìbéèrè kan tí ẹ lè béèrè lónìí kí Dádì tó fi fọ́tò ilé hàn yín lẹ́ẹ̀kan sí i ni pé ìsọ̀rí wo ni àdúgbò náà wà. Bí ó bá sọ pé òun kò mọ̀, ẹ ti ní iṣẹ́ àṣewá àkọ́kọ́ fún un nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ilẹ̀ lọ́tọ̀. Láyé àtijọ́, agboolé Ìbàdàn máa ń ní ilé nígboro àti abúlé lóko. Púpọ̀ nínú ibi tí a ń pè ní ẹ́sítéètì lónìí, oko àwọn ẹbí kan ni. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ti ń rà á, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ ti ń wọlé. Kí ẹ tó ta ilé Lọ́ńdọ̀nù, ó yẹ kí lọ́yà àti sọ̀féyọ̀ tí kì í ṣe ti ẹni tó ta ilẹ̀ ti gbé pláànù rẹ̀ lọ yẹ̀ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Àgọ́dì. Ẹ bi wọ́n nípa odò pẹ̀lú. Ògùnpa ṣọṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àgbàrá tún pa èèyàn tó ju 100 lọ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹjọ ọdún 2011.

Owó ló ń tan ọ̀pọ̀ òbí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, pọ́n-ùn kan kò tó 600 náírà ní báńkì. Ní ọdún 2024, ó ti wà ní nǹkan bí 2,000. Ẹni tó ń fi owó oṣù Lọ́ńdọ̀nù kọ́lé yóò rò pé òun ti di olówó. Lọ́jọ́ tó bá kó dé, tí owó oṣù rẹ̀ di náírà, ìṣirò náà yí padà. Owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, sólà, dísù, gbogbo rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé dọ́là.

Ọdún 3 tí wọn kì í sọ fún yín

Èyí ló ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì pé ọdún 18. Ní England, kí yunifásítì tó gba owó tí ọmọ ìlú ń san lọ́wọ́ yín, tí ìjọba sì tó yá yín lówó rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ibùgbé yín gidi fún ọdún 3 gbáko kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù nìkan kò tó. Owó ọmọ ìlú jẹ́ £9,535 lọ́dún ní 2025/26. Ti àjèjì kò ní òté, ó sì sábà máa ń ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, láìsí ẹ̀yáwó.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ọmọ ọdún 13 parí Year 8 ní oṣù keje ọdún 2026, wọ́n kó o lọ sí Mọ́níyà. Ó fẹ́ wọ yunifásítì ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2031. Ó gbọ́dọ̀ ti padà máa gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 2028, ìyẹn nígbà tó wà ní ọdún 15, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ Year 11, ọdún GCSE. Ọdún méjì péré ni yóò lò nílé tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá kọ́. Ìdáǹdè wà fún ẹni tí òbí rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ lókè òkun, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti sọ pé "fúngbà díẹ̀" ni nígbà tí ẹ ti ta ilé Thamesmead.

Bí ó bá wá padà, ọ̀dọ̀ ta ni yóò dé sí? "Ọ̀dọ̀ Àǹtí ní Abbey Wood." Ó dáa. Ṣé àbúrò Mọ́mì gan-an ni, àbí àǹtí ìjọ? Láàárín wa, kò sí ìyàtọ̀. Lójú òfin, ó wà. Òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí, àti ìyàwó tàbí ọkọ òbí ni òfin pè ní ìbátan tímọ́tímọ́. Bí ọmọ tí kò tíì pé 16 bá fẹ́ gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà kó jẹ́ kọ́sìn Dádì, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún káńsù. Ẹ má gbàgbé pé Greenwich ló ni apá kan Thamesmead, Bexley ló ni èkejì.

Ilé-ìwòsàn náà ń tẹ̀ lé ibùgbé. Ẹni tó ti kó lọ pátápátá tó kàn wá kíni lè rí dókítà GP, kí wọ́n sì gbà á ní A&E lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ tàbí ìtọ́jú tí wọ́n bá dá a dúró fún. Bí ó bá padà wá láti máa gbé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ti àwọn òbí fúnra wọn ń kọ́? Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kì í pọ̀ sí i lọ́dọọdún bí ó ṣe ń pọ̀ sí i fún ẹni tó wà ní Woolwich. Iye tó wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni yóò máa jẹ́. Ẹni tí kò bá tíì san ìnṣọ́ránsì ìjọba fún ọdún 10 kò lè rí nǹkan kan, ọdún 35 ló sì ń fúnni ní gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ óò máa fi owó ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ iwájú, ọ̀rọ̀ yín ni èyí náà.

Èmi ò sọ pé kí ẹ má lọ. Ọmọ Nàìjíríà ni yín láti ìbí lábẹ́ òfin ọdún 1999, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan nínú òbí yín bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Abẹ́ yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, kò sì jìnnà sí Mọ́níyà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé lè kọ JAMB bó bá ti pé 16. Màmá àgbà wà níbẹ̀, Yorùbá tí ẹ ń gbọ́ tí ẹ kò lè dá lóhùn yóò sì já geere lẹ́nu yín láàárín oṣù mẹ́fà, pàápàá tí ẹ bá ń wọ Micra lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó, kó má sì jẹ́ ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tí gbogbo èèyàn ń se ìnáwó. Ẹ lọ ní oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀. Ẹ sùn nínú ilé náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Bódìjà. Ẹ wọkọ̀ láti Òjóò ní aago méje àárọ̀ kí ẹ sì wo aago. Ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní ẹ ó wọ̀, kí ẹ bi wọ́n bóyá IGCSE ni wọ́n ń kọ́ tàbí WAEC nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó pẹ̀lú Dádì àti Mọ́mì, kí ẹ mú kàlẹ́ńdà dání, kí ẹ jọ ka ọdún 3 yẹn sẹ́yìn.