Ọ̀nà Tí Òfin Ń Gbà: Àpẹẹrẹ Òfin Ìwàásù ní Kàdúná

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí gómìnà bá ti sọ, abẹ gé e. Òfin tí ó ń ṣe àkóso ìwàásù ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1984, lábẹ́ ìjọba ológun, òfin ìwàásù kan jáde. Kò sí ilé aṣòfin nígbà náà. Ohun tí ológun bá kọ ni òfin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, àbádòfin tuntun tí Gómìnà Nasir El-Rufai fi ránṣẹ́ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láti rọ́pò rẹ̀ di ohun tí gbogbo ìlú ń sọ. Ó fẹ́ kí oníwàásù gba ìwé àṣẹ, lábẹ́ àbójútó Jama'atu Nasril Islam fún Mùsùlùmí àti CAN fún Kristẹni, kí a sì ká lílo gbohùngbohùn lọ́wọ́ kò.

Kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó dé iwájú gómìnà, àwọn òṣìṣẹ́ ọba, pàápàá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, ni wọ́n ń kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Agbára wọn kò hàn síta, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yan gbólóhùn ni ó ń pinnu ẹni tí òfin yóò mú. A kì í dìbò yàn wọ́n. Gómìnà kan a lọ, òmíràn a dé, wọn a sì wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ìjọba kò ṣàdédé ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó gbé Kàdúná ní oṣù Kejì ọdún 2000 mọ ohun tí ìjà ẹ̀sìn ń fọwọ́ rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀ àwọn aṣáájú Kristẹni tako àbádòfin náà, àwọn aṣáájú Mùsùlùmí kan kò sì gbà á. Òmìnira ẹ̀sìn tí abala 38 ìwé òfin 1999 fún wa ni wọ́n dì mú. (Àwa Yorùbá ìlú yìí, tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ń bẹ nínú ẹbí kan náà, ní ènìyàn ní ìhà méjèèjì.) Àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́.

Àwọn aṣòfin kò jù ú nù, wọn kò sì yára. Ó lé ní ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, lẹ́yìn àtúnṣe. Lójú tèmi, ariwo àwọn ẹgbẹ́ ni ó ra àkókò yẹn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a gbọ́ tòun lórí àbádòfin lè kọ ìwé àbá sí ìgbìmọ̀ tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní Lugard Hall, kí wọ́n tó kà á fún ìgbà kẹta.