Pẹ́dàlì Ohùn ní Àjàṣẹ́: Ohun Tó Ń Ṣe fún Olórin, àti Ibi Tó Ti Lè Da Ọ̀rọ̀ Rú

Pẹ́dàlì ohùn ni àpótí kékeré tí a máa ń gbé sílẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ olórin lórí ìtàgé, tí wáyà máíkì ń wọ inú rẹ̀ kí ó tó kọjá sí míkísà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ohùn àti ìlù pọ̀, kí olórin lè fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnì láti tún ohùn ara rẹ̀ ṣe nígbà tí orin ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Porto-Novo, tí àwọn Gun sì ń pè ní Hogbonu, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí gba àròjinlẹ̀ ju bí ó ti gbà ní Paris lọ, nítorí pé Gun àti Yorùbá, tí púpọ̀ nínú orin ìlú náà wà nínú wọn, jẹ́ èdè tí gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn ti ń sọ ìtumọ̀, gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn gan-an sì ni àwọn kan lára iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ń fọwọ́ kàn.

Yíyí ohùn padà kì í ṣe àjòjì ní ìlú náà. Egúngún kì í fi ohùn ọmọ aráyé lásán sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Zangbeto, tí àwọn Gun fi ń ṣọ́ ìlú lóru, kì í fọhùn bí ará ilé. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ló ba ohùn Áfíríkà jẹ́ yóò ní láti kọ́kọ́ bá àwọn ará ọ̀run wí. Ti iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Homer Dudley ní ilé iṣẹ́ Bell Labs ṣe vocoder, ẹ̀rọ tó ń tú ohùn sí ẹ̀ka-ẹ̀ka kí ó lè rọrùn láti fi ránṣẹ́ lórí wáyà tẹlifóònù, èyí tí wọ́n sì lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì láti fi pa ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn olórin: Herbie Hancock fi í kọrin nínú àwo Sunlight ní 1978.

Síbẹ̀, iṣẹ́ tó wúlò jù nínú pẹ́dàlì kì í ṣe èyí tí etí olùgbọ́ ń tètè dá mọ̀. Ọ̀kan ni gígé ìró ìsàlẹ̀ kúrò, pàápàá èyí tí kò tó nǹkan bíi 80 sí 100 hertz (hertz kan ni kí afẹ́fẹ́ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan), nítorí pé ariwo ọwọ́ tó ń ra máíkì mú, ìjì afẹ́fẹ́ àti ìró ìlù ńlá ló pọ̀ níbẹ̀ ju ohùn olórin lọ. Èkejì ni kọ̀ǹprẹ́sọ̀, tó ń tẹ ohùn rì díẹ̀ nígbàkígbà tó bá ti ga kọjá ààlà tí a fi sí i, kí a lè gbé gbogbo ohùn náà sókè lẹ́yìn náà, kí ọ̀rọ̀ tí olórin rọra sọ má baà rì sábẹ́ ìlù, kí igbe rẹ̀ má sì dun etí. Àǹfààní yìí ní iye tó ń gbà. Bí kọ̀ǹprẹ́sọ̀ bá fi decibel mẹ́fà (decibel ni òṣùwọ̀n agbára ìró) gbé ohùn jẹ́jẹ́ sókè, ó ti fi mẹ́fà sún gbogbo ẹ̀rọ náà mọ́ híhan gooro tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní larsen, èyí tí wọ́n fi sọ orí Søren Larsen, onímọ̀ físíìsì ará Dẹ́ńmáàkì. Ohun tó ń fa á ni pé ohùn tó jáde nínú sípíkà tún padà wọ inú máíkì, tó tún jáde, tó tún wọlé, tó sì ń lágbára sí i ní yíyí kọ̀ọ̀kan. Olórin tó dúró síwájú sípíkà, tó sì fọwọ́ bo orí máíkì, kò ní rí ìrànwọ́ kankan lọ́dọ̀ pẹ́dàlì. Ńṣe ni yóò tún dá kún un.

Rẹ́fáàbù ni ìró tó ń tàn kálẹ̀ lẹ́yìn ohùn, bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn tó ṣófo, gbohùngbohùn sì ni ohùn náà fúnra rẹ̀ tó padà wá lẹ́yìn àkókò kúkúrú. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ògiri tó jìnnà tó mítà 17 yóò dá ohùn padà lẹ́yìn ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí etí lè yà sọ́tọ̀ dáadáa. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ilé ìjọsìn ológiri símẹ́ǹtì àti òrùlé páànù ti ní rẹ́fáàbù tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ, Àjàṣẹ́ sì jẹ́ ìlú tí ilé ìjọsìn pọ̀ sí, àní ibẹ̀ ni Samuel Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní 1947. Bí a bá fi rẹ́fáàbù ẹ̀rọ lé ti ògiri, ọ̀rọ̀ á gun orí ara wọn. Gbangba ìta ni ó yẹ ẹ́, irú bíi ibi ayẹyẹ abẹ́ àgọ́ tí kò ní ògiri, níbi tí ohùn ti máa ń gbẹ jù.

Ọ̀rọ̀ tó le jù wà nínú àtúnṣe ohùn. Andy Hildebrand, tó ti ń fi ìṣirò ka ìró tí wọ́n ń rán sínú ilẹ̀ láti wá epo rọ̀bì, ló gbé Auto-Tune jáde ní 1997, orin Believe tí Cher kọ ní 1998 ló sì jẹ́ kí gbogbo ayé dá a mọ̀. Ẹ̀rọ náà ń ka iye ìgbà tí ohùn gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń fi í wé àwọn ohùn 12 tí dùùrù ní láàrin octave kan, ó sì ń fa ohùn olórin lọ sórí èyí tó sún mọ́ ọn jù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Yorùbá bá pe “àlá”, ohùn rẹ̀ kì í fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sí òkè lẹ́ẹ̀kan. Ńṣe ló ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lórí fáwẹ̀lì kejì. Bí a bá yí ẹ̀rọ náà sí ibi tó yára jù, yóò gé ìgòkè yẹn sí àtẹ̀gùn. Ó tún burú fún ẹni tó ń sun ìjálá tàbí tó ń kéwì, nítorí pé ohùn irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà láàrin ọ̀rọ̀ àti orin, kò sì sí lórí dùùrù rárá. Ẹ̀rọ á máa tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Àwọn ìjọ ìgbà àtijọ́ ní Èkó ti ní irú ìṣòro yìí rí, nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì láìwo àmì ohùn, T. K. Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà ìlú náà, sì kọ ìwé Yoruba Music, tó jáde ní 1953, lórí bí orin ṣe yẹ kó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu. Kì í ṣe dandan kí a sọ ẹ̀rọ nù: púpọ̀ nínú wọn ní ibi tí a ti lè dín ìyára àtúnṣe kù, tí ìgòkè yóò fi kọjá láìfọ́.

Fífi ohùn mìíràn kún ti olórin kò ní ewu tó bẹ́ẹ̀, bí a bá mọ irú èyí tí a yàn. Lionel Loueke, onígìtá tí a bí ní Kútọnu ní 1973, tó sì ti bá Hancock ṣeré káàkiri ayé, máa ń gba irú ẹ̀rọ yìí kọrin, tí ohùn ẹnì kan á fi dà bí ti ẹgbẹ́ akọrin. Bí ohùn àfikún bá ń tẹ̀ lé ti olórin ní àlàfo kan náà, òkè yóò wà lókè, ìsàlẹ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń wo gìtá láti mú ohùn lè dúró lójú kan nígbà tí ọ̀rọ̀ olórin ń gòkè, tí etí á sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì. Irú èyí ni kí a rọra gbé sísàlẹ̀. Ó sì dára kí a rántí pé olórin bíi Sagbohan Danialou, ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń lu ìlù, tó ń ta gìtá, tó sì ń kọrin, kò ní ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ kù fún pẹ́dàlì bó bá jókòó sídìí ìlù. Ẹni tó wà nídìí míkísà ni yóò bá irú rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ra pẹ́dàlì wá láti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ wo ṣájà rẹ̀, nítorí iná Benin jẹ́ 220 volt, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 120. Kí ó yan èyí tó ní kọ̀ǹprẹ́sọ̀, gígé ìró ìsàlẹ̀ àti rẹ́fáàbù, kí ó pa àtúnṣe ohùn rẹ̀ títí yóò fi gba orin ara rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò sì tún un gbọ́ pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa. Kí ó sì mọ bọ́tìnì tó ń pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dájú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó náwó lójú agbo tó fẹ́ kí wọ́n fi gbohùngbohùn mẹ́ta pe orúkọ òun.