Irin Kò Tíì Gbó, Kọ̀ǹpútà Rẹ̀ Ti Gbó

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, iléeṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà fòpin sí àtúnṣe tó ń ṣe déédéé fún Windows 10, èyí tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà káàkiri ayé láti ọdún 2015. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà nínú ilé lè má fura pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Àmọ́ Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn kì í ṣe àdúgbò tí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà nìkan. Ibẹ̀ ni Fidson àti May & Baker ti ń ṣe oògùn, ibẹ̀ ni Intercontinental Distillers ti ń ṣe ọtí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ irin, tí wọ́n ń ṣe ike àti páálí lójú ọ̀nà tó lọ sí Abẹ́òkúta àti èyí tó lọ sí Ìdí-Ìrókò. Nínú irú iṣẹ́ báwọ̀nyí níbi gbogbo láyé, kọ̀ǹpútà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ: èyí tó ń bá ìwọ̀n sọ̀rọ̀, èyí tó ń darí ẹ̀rọ tó ń tẹ déètì sára ìgò, èyí tí wọ́n fi ń yẹ oògùn wò ní láàbù. Irin ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Windows tó ń darí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í sábà ju ọdún mẹ́wàá sí mẹ́tàlá lọ kí ẹni tó ṣe é tó pa á tì. Windows XP jáde ní 2001, àtúnṣe rẹ̀ parí ní 2014. Windows 7 jáde ní 2009, tirẹ̀ parí ní 2020. Àlàfo tó wà láàárín ọjọ́ orí irin àti ọjọ́ orí sọ́fítíwíà ni wàhálà ń gbà wọlé. Ohun tí mo fẹ́ fi yé òǹkàwé ni pé bí sọ́fítíwíà àtijọ́ bá ń bá Windows tuntun ṣiṣẹ́, kò dédé rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹnìkan ló sì ń sanwó rẹ̀. Iléeṣẹ́ tí kò bá mọ ẹni náà kò tíì mọ ohun tó rà.

Windows jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a lè pè ní ètò adarí kọ̀ǹpútà. Linux àti Android náà wà lára wọn. Ètò adarí ló ń kọ́kọ́ jí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Òun ló ń pín àyè fún sọ́fítíwíà yòókù, òun ló ń bá wọn ṣí fáìlì, òun ló ń bá wọn dé ọ̀dọ̀ kìíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti wáyà tó so mọ́ ẹ̀rọ ńlá. Bí àlejò kì í ṣàdédé bá Ọlọ́tà, ọba Ọ̀tà, sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè, bẹ́ẹ̀ ni sọ́fítíwíà kì í fọwọ́ kan irin láìrán ètò adarí níṣẹ́. Bí wọ́n bá yí ètò adarí padà, tí èyí tuntun kò sì mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń rán ti tẹ́lẹ̀, sọ́fítíwíà á dákẹ́. Orúkọ kan náà kò sì sọ pé ìwà kan náà ni wọ́n ní. Windows 10 tó jẹ́ 32-bit (iye bit ń sọ bí dátà tí kọ̀ǹpútà ń mú lẹ́ẹ̀kan ṣe pọ̀ tó) ṣì lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú sọ́fítíwíà 16-bit tí wọ́n kọ nígbà Windows 3.1, ṣùgbọ́n Windows 10 tó jẹ́ 64-bit kò lè ṣe é. Windows 11 kò tilẹ̀ ní ẹ̀dà 32-bit rárá. Ibi tó ti ń dun àwọn iléeṣẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ dráífà, ìyẹn sọ́fítíwíà kékeré tó ń jẹ́ kí Windows mọ ẹ̀rọ kan pàtó. Windows 64-bit gba sọ́fítíwíà 32-bit láàyè, kò gba dráífà 32-bit. Ìdí nìyẹn tí sọ́fítíwíà ẹ̀rọ kan fi lè ṣí dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tuntun, kí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ hàn, síbẹ̀ kó máa sọ pé òun kò rí ẹ̀rọ kankan.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìbáṣepọ̀ náà ti dúró déédéé, ká lè rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Nígbà tí Microsoft ń ṣe Windows 95, wọ́n rí i pé eré kọ̀ǹpútà kan tó gbajúmọ̀, SimCity, máa ń padà lọ lo àyè ìrántí tó ti dá padà fún kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe àwọn tó kọ eré náà ni, àmọ́ kò hàn lórí Windows àtijọ́. Dípò kí Microsoft jẹ́ kí eré náà dákú lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, wọ́n kọ ohun kan sínú Windows 95 tó ń dá SimCity mọ̀, tó sì ń fàyè gbà á. Owó ni wọ́n ń wá, wọn kò ṣàánú ẹnikẹ́ni: ẹni tí eré rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ kò ní ra Windows tuntun. Ti Android náà kò yàtọ̀. Tecno àti Infinix tó kún ìgboro wa ń wọ Android láṣọ tiwọn, ọ̀kan ń jẹ́ HiOS, èkejì XOS, síbẹ̀ WhatsApp ń ṣiṣẹ́ lórí wọn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí Samsung. Ohun tó fà á ni pé Google kì í jẹ́ kí fóònù gbé Play Store rẹ̀ jáde àyàfi tó bá yege ìdánwò tí Google ti là sílẹ̀. Ta wá ni yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹ̀rọ tó ń di àpò, tí iléeṣẹ́ kékeré kan ní Ṣáínà tàbí Ítálì ṣe ní ìwọ̀nba díẹ̀, tí iléeṣẹ́ náà sì ti kógbá sílé? Kò sí ẹnikẹ́ni. Microsoft kò mọ ẹ̀rọ náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sí mọ́, ẹni tó rà á ní Ọ̀tà ni gbogbo rẹ̀ ṣẹ́kù sí lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní kí a fi ohun tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́: kọ̀ǹpútà orí ẹ̀rọ kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ló fẹ́ ṣe é? Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ní 2010, ayé mọ̀ nípa Stuxnet, fáírọ́ọ̀sì tó lè gba inú fláàṣì wọ kọ̀ǹpútà Windows tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ba ẹ̀rọ jẹ́ ní Natanz lórílẹ̀-èdè Ìráànì. Ní oṣù Karùn-ún 2017, fáírọ́ọ̀sì WannaCry dá iṣẹ́ dúró ní àwọn ilé tí Renault ti ń ṣe ọkọ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2018, irú fáírọ́ọ̀sì kan náà dé TSMC ní Taiwan, àwọn àgbà nínú ṣíṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ tuntun kan ni wọ́n gbé wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó so ó mọ́ àwọn tó kù, fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ sì ràn mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà Windows 7 tí wọn kò tíì tún ṣe, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe tó lè dènà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti oṣù Kẹta 2017. Ká tilẹ̀ gbé fáírọ́ọ̀sì tì, háàdì dísíìkì kọ̀ǹpútà ń kú, iná tó ń ṣe ségesège sì ń jẹ́ kó tètè kú. Lọ́jọ́ tó bá kú, kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n bá rà lè má gba Windows XP, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣe dráífà XP fún irú rẹ̀ mọ́.

Àwọn mìíràn á ní kí iléeṣẹ́ kúkú pa gbogbo rẹ̀ dà sí Windows 11. Àwọn yìí gbàgbé pé Windows 11 ń béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó dára kò ní, pàápàá ààbò inú irin tó ń jẹ́ TPM 2.0, àti pé pípa Windows dà kì í pa dráífà ẹ̀rọ dà. Ní ti iléeṣẹ́ oògùn, bí wọ́n bá yí kọ̀ǹpútà tó ń darí iṣẹ́ padà, ìlànà iṣẹ́ náà ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò kí wọ́n sì kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ pé oògùn ṣì ń jáde bó ṣe yẹ. Ìyẹn gba àkókò àti owó. Nígbà mìíràn, ọ̀nà àárín ló sàn. Microsoft ní Windows 10 kan tó ṣe fún irú ẹ̀rọ báyìí, Windows 10 IoT Enterprise LTSC 2021, tí àtúnṣe rẹ̀ kò ní parí títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2032. Iléeṣẹ́ tún lè gbé Windows àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà tuntun, kó máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ bíi pé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló wà. Èyí wúlò fún sọ́fítíwíà tó ń ka fáìlì tàbí tó ń gba wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀, àmọ́ kì í sábà wúlò fún ẹ̀rọ tó nílò káàdì pàtàkì kan nínú ikùn kọ̀ǹpútà.

Ti Linux ńkọ́, tó jẹ́ ọ̀fẹ́? Lóòótọ́, Linus Torvalds tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991 kì í fẹ́ kí Linux tuntun ba sọ́fítíwíà tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ jẹ́, láti 1993 ni wọ́n sì ti ń ṣe Wine, tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ṣùgbọ́n Wine kì í bá ni lo dráífà Windows fún ẹ̀rọ. Linux fúnra rẹ̀ pín sí oríṣiríṣi: sọ́fítíwíà tí wọ́n kọ lórí Ubuntu (ọ̀kan lára wọn) tuntun lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí ti àtijọ́, nítorí àwọn ohun tó gbára lé kò sí níbẹ̀. Ohun tó tọ̀nà nínú ìmọ̀ràn náà ni pé níbi tí kóòdù sọ́fítíwíà bá ti wà ní gbangba, a lè gba ẹlòmíràn kó tún un kọ nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti lọ.

Nítorí náà, kí iléeṣẹ́ tó sanwó ẹ̀rọ, ìbáà ṣe tuntun ìbáà ṣe tọ́kunbọ̀, kí wọ́n béèrè kí wọ́n sì jẹ́ kí ìdáhùn wọ inú ìwé àdéhùn: Windows wo ló ń lò, 32-bit ni àbí 64-bit? Ta ni yóò tún dráífà rẹ̀ ṣe, títí di ọdún wo? Bí ẹni tó tà á bá kógbá sílé, ṣé kóòdù sọ́fítíwíà rẹ̀ yóò bọ́ sí wa lọ́wọ́? Fún èyí tó ti wà nílẹ̀, kí wọ́n da gbogbo dísíìkì rẹ̀ kọ sí ibòmíràn lónìí, kí wọ́n ya nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kúrò lára ti ọ́fíìsì, kí wọ́n má sì jẹ́ kí fláàṣì tí wọn kò yẹ̀ wò wọ inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́, MAN, ẹ̀ka ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, lè fi àwọn ìbéèrè yìí ṣe ìlànà kan fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, nítorí ohùn ọgọ́rùn-ún oníbàárà ń ká oníṣòwò lára ju ohùn ẹyọ kan lọ. Covenant University àti Bells University of Technology kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ fún àwọn ọmọ iléèwé náà ní ẹ̀rọ tí dráífà rẹ̀ ti kú kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Àtúnṣe dráífà kan lè gba oṣù mélòó kan, ẹ̀rọ tuntun ń béèrè dọ́là.