Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Pamọ́ Sára Igi Ẹ̀gẹ́

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń gbìn láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí kì í ṣe ọmọ ẹ̀gẹ́ èṣí? Ẹ̀gẹ́ èṣí gan-an ni. Igi rẹ̀ ni àgbẹ̀ gé, tó rì mọ́ ebè. Bí àbùkù kan bá ti wọ inú DNA rẹ̀, oko dé oko ni yóò máa bá a lọ.

Ní 2017, àwọn onímọ̀ tó yẹ ẹ̀gẹ́ 241 wò bá irú àbùkù bẹ́ẹ̀ jọ pelemọ. Méjì méjì ni jíìnì ń wà, èyí tó sàn a sì máa bo àṣírí èyí tó bàjẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé bọ̀tújẹ̀ tí a fi ń ṣọgbà, lárà àti igi rọ́bà, mọ̀lẹ́bí ẹ̀gẹ́ ni gbogbo wọn? Irú mọ̀lẹ́bí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń dá àbùkù mọ̀. Purotéènì, tí jíìnì ń ṣètò rẹ̀, tó sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ara, dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín: oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ló wà, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ló ń pinnu iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ kan náà bá ti wà lára gbogbo ẹbí láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, ẹ̀gẹ́ tó bá gbé òmíràn síbẹ̀ di ẹni ìfura.

Kọ̀ǹpútà náà ti ń kọ́ bí a ṣe ń dá irú àbùkù bẹ́ẹ̀ mọ̀ báyìí. Wọn a kó purotéènì àìmọye fún un, wọn a bo ìlẹ̀kẹ̀ kan, wọn a ní kó sọ èyí tó wà níbẹ̀. Yóò máa ṣì í, yóò máa gbà á, títí ojú rẹ̀ yóò fi là. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tí àìsàn ń jẹ́ o! Síbẹ̀, ní 2023, ètò kọ̀ǹpútà AlphaMissense ti Google DeepMind wo ìyípadà mílíọ̀nù 71 tó lè bá purotéènì ènìyàn, ó sì sọ èyí tó jọ ewu àti èyí tí kò léwu nínú ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí lo irú ọgbọ́n yìí fún ẹ̀gẹ́, kí wọ́n lè mọ èyí tó yẹ kí wọ́n fi ṣe òbí irú tuntun.

Àmọ́ ṣé gbogbo ìyípadà ló burú? Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo, ìkẹfà nínú ẹ̀ka kan lára purotéènì ẹ̀jẹ̀, ló sọ ẹ̀jẹ̀ AA di AS, bẹ́ẹ̀ ibà kì í sábà rí AS gbé ṣe bó ṣe ń rí AA.

Ti ẹ̀gẹ́ ló wá yà mí lẹ́nu jù. Ọkọ Ìyàwó, ẹ̀gẹ́ àbáláyé tí ìwé onímọ̀ ń pè ní TME 7, wà lára àwọn tí àrùn tó ń mú ewé kákò kì í borí. Ní 2022 ni àṣírí tú: ìyípadà ẹyọ kan nínú purotéènì tó ń ṣe ẹ̀dà DNA ló ń fún irú ẹ̀gẹ́ wọ̀nyí ní ààbò. Ewéko kan kò lè wà láàyè láìsí purotéènì yìí, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àrùn náà kò sì ní ti ara rẹ̀. Ti ẹ̀gẹ́ ló ń yá lò. Bí wọ́n bá sì tún Ọkọ Ìyàwó hù láti inú ìgò ní láàbù, ó lè pàdánù ààbò náà. Èyí tí àgbẹ̀ gé igi rẹ̀ gbìn ṣì ní in lára.