Magnẹ́síọ̀mù inú Ẹ̀jẹ̀ tí a Fi Pamọ́

Ní Ọ̀jọ́, níbi tí bárékè àwọn ọmọ-ogun wà lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ọkọ̀ kì í dá lójú ọ̀nà. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ obìnrin kò bá dá lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni ó lè gba ẹ̀mí là. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ ìpọ́njú. Ó yẹ kí àwa tí a ó kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìlera mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí i nínú àpò.

Ẹ̀jẹ̀ inú àpò dàbí iṣu inú abà: a ti wà á, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ń jẹ ṣúgà tí a fi sí i. Nínú fíríìjì tí òtútù rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 2 sí 6 Celsius, pẹ̀lú omi ìpamọ́ tí ó dára, ó lè lo ọjọ́ 42. Síbẹ̀, bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn èròjà fọ́sífétì tí ó di magnẹ́síọ̀mù mú nínú sẹ́ẹ̀lì ń dín kù.

Báwo ni a ṣe ń wọn magnẹ́síọ̀mù náà? Ẹni tí ó tọ́ omi ọbẹ̀ wò kò tíì mọ iyọ̀ inú ẹran. Omi ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí 0.7 sí 1.0 mìlímóòlù nínú lítà kan. Ti inú sẹ́ẹ̀lì pupa sábà máa ń ju ìlọ́po méjì èyí lọ. Nítorí náà, a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yí ìgò kékeré birí-birí kí sẹ́ẹ̀lì lè sílẹ̀. A fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. A sì fi omi mímọ́ gaara bẹ́ ẹ. A bu lántánọ́ọ̀mù sí i kí fọ́sífétì má baà dí wa lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà a fọ́n ọn sínú ọwọ́ iná, a sì tan ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 285.2 nánómítà gbà á kọjá. Bí magnẹ́síọ̀mù bá ti pọ̀ tó ni yóò gbé ìmọ́lẹ̀ mì tó. Alan Walsh, ará Ọsirélíà, ni ó fi ọ̀nà yìí hàn ní 1955.

Kí ni àǹfààní rẹ̀? Sitíréètì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú àpò máa ń di kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù mú. Bí a bá fa àpò púpọ̀ sí aláìsàn lára kíákíá, àwọn méjèèjì lè dín kù lára rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ sì máa lù ségesège. Nítorí náà ni dókítà ṣe ń ṣọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: bí sẹ́ẹ̀lì bá bẹ́ kí a tó yà á sọ́tọ̀, magnẹ́síọ̀mù inú rẹ̀ yóò dà sínú omi ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n méjèèjì yóò sì ṣì wá lọ́nà. Ọwọ́ tí kò kánjú ni ó lè wọn ẹ̀jẹ̀ dáadáa.