Ìkọ̀wé Lárúbáwá Lórí Ìwé Ìpè Wa



Gbogbo wa là ń gba ìwé ìpè wòlímọ̀, ìsọmọlórúkọ àti yìgì, láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́, láti Ọyẹ́ dé Ìdó. Ọ̀kan dé ọwọ́ wa tí bébà rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà Bísímílláhì orí rẹ̀ ti já kúrò lára wọn, wọ́n sì ń lọ láti òsì sí ọ̀tún. Orúkọ Ọlọ́hun kò ṣeé kà níbẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò mọ̀, nítorí kò kéwú. Ohun tó mú wa ṣe àlàyé yìí nìyẹn.

Lẹ́tà Lárúbáwá jẹ́ 28. Wọ́n máa ń di ara wọn mú, ìrísí wọn a sì máa yí padà ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín àti ní ìparí ọ̀rọ̀. Mẹ́fà péré ni kì í so mọ́ èyí tó bá tẹ̀lé e: alif, dāl, dhāl, rā’, zāy àti wāw. Kọ̀ǹpútà tí a kò tò fún Lárúbáwá yóò tú gbogbo wọn ká.

Fọ́ǹtì ni a ń pe àwòrán lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó ti ṣẹ̀. Ibn Muqla ti Bàgídádì, tó kú ní ọdún 940, fi àmì tí ẹnu gègé ń tẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n fún lẹ́tà. Naskh rọrùn láti kà. Òun ló yẹ fún ọjọ́, ibi ìpàdé àti àlàyé. Thuluth ga, ó sì lẹ́wà. Àkọlé ló dára fún.

Ìkọ̀wé tó sún mọ́ wa náà wà. Ti Kano, tí wọ́n ń fi gègé igi àti tàdáwà kọ sórí wàláà, nípọn nísàlẹ̀, àwọn òró rẹ̀ sì tínrín. Ó ti di fọ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní Alkalami. Àjọ SIL ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: nínú ìkọ̀wé àtijọ́ ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àmì kan ṣoṣo ló wà lórí qāf, ti fā’ sì wà nísàlẹ̀. Ọmọ tó kọ́ ti Íjíbítì lè ka qawl, tí í ṣe ọ̀rọ̀, sí fūl, tí í ṣe ẹ̀wà!

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ ìwé ìpè, ẹ gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ fún ẹni tó kéwú kó kà á. Ẹ má sì kọ áyà Al-Kùránì sórí ohun tí wọ́n máa fi di àkàrà lẹ́yìn òde. Ẹwà ìkọ̀wé kò ju kó ṣeé kà lọ.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ṣe àǹfààní jíǹkí wa. Àmín.